Ó Rẹ̀ Mí, N Kò Ya Ọ̀lẹ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nìyí. Mo yọ ìkíni àti oríkì àwọn èèyàn pàtàkì kúrò. Àwàdà wà níbẹ̀ bó ṣe wà.)

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i pé oorun ti ń kun àwọn kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ má wulẹ̀ bá a jà, ọ̀rọ̀ yín gan-an la fẹ́ sọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ lójoojúmọ́. Ó rẹ̀ mí. Ó sú mi. Agara dá mi. Àárẹ̀ mú mi. Oorun ń kùn mí. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ibo ni èmi wà? Ẹ̀yìn pátápátá. Àbọ̀ gbólóhùn ni mo jẹ́, ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí. Nǹkan mìíràn ni olùwà, òun ló ń ṣe é. Nǹkan ọ̀hún wá, ó dá mi, ó mú mi, ó kùn mí. Ẹ wá gbọ́ ìwọ̀nyí: mo ya ọ̀lẹ, mo ń ṣe ìmẹ́lẹ́, mo káwọ́ gbera. Èmi ni mo ṣíwájú níbí, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Àwọn baba wa tí kò ka gírámà kankan ti fi ètò gbólóhùn lásán ya ẹni tí agbára tán nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ. (Ẹ̀rín.)

Ẹ fi àṣẹ dán an wò. A lè sọ fún ọmọ pé "má ya ọ̀lẹ", "má ṣe ìmẹ́lẹ́". Ta ló ti gbọ́ "má rẹ̀!" rí? Ibi tí agbára wa mọ ni "má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́", bíi kéèyàn ní kí ọmọ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. (Ẹ má sì ṣi ohùn mú o: ọ̀lẹ ni mo ń wí. Ọlẹ̀ ni ti inú aboyún, ìyẹn a sì máa sọ kúlú. Ọ̀lẹ tèmi kì í mira.)

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jókòó síwájú yìí, ó ti ta kò mí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ebi ń pa mí, ojú ń tì mí, inú ń bí mi. Pé Yorùbá ń ṣe gbogbo ohun tí ara ń mọ̀ báyẹn, kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni. Mo wá bi í pé: bí ebi, ìtìjú, ìbínú àti àárẹ̀ bá gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, kí ló dé tí ọ̀lẹ kò gba ibẹ̀? Kò tíì dáhùn. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára rèé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gàrí la máa ń yan nílé wa, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ló sì máa ń jókòó ti agbada. Igbá ọwọ́ rẹ̀ á lọ, á bọ̀, á lọ, á bọ̀. Tó bá yá, á dúró sójú kan. Gàrí etí agbada á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn jíjóná á gba ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lórí igbá, á rọ jọwọlọ. "Ọ̀lẹ yìí!" Gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, àti èmi tí mo kéré sí i. Ohun kan náà lòun máa ń sọ: "Màmá, ó ń rẹ̀ mí." Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Òun ti ń sọ ọ́ fún wa látọjọ́ yìí. Ẹ̀yìn gbólóhùn ló ń fi ara rẹ̀ sí, àwa ń wọ́ ọ bọ̀ síwájú.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àkójọ àìsàn tuntun, ICD-11. Wọ́n kọ burnout síbẹ̀, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lágbára pátápátá, wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ lára èèyàn tí a kò kápá ló ń fà á, wọ́n sì ní àwọn kò kà á sí àìsàn. Làwọn onítumọ̀ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀rọ̀ tó gùn bí okùn kànga. Ẹ dákun, agara ńkọ́? Bó bá rẹ̀ ọ́, o sùn, ó tán. Bí iṣẹ́ bá sú ọ, o pààrọ̀ rẹ̀, ó tán. Bí agara bá dá ọ, o sùn, o jí, o bá a lórí ibùsùn níbi tó wà lánàá. Àwọn kan náà ló fún wa ní "àìnítara". Ìyá ta ló ń sọ àìnítara?

Ẹ sì mọ ti Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ nígbà kan ní Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, àti ohun tó kọ ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí wọn ń gbóná, tí ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí mọ́. N kò ní tún un rò.

Alága ti ń nawọ́ aago sí mi. Kíákíá: "ara mi yá sí i", ìtara nìyẹn. "Ara mi ò yá sí i", kò wù mí nìyẹn. Yọ "sí i" kúrò, ó di "ara mi ò yá", ẹ wá mọ́tò. Ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ bi pásítọ̀ yín. Iṣẹ́ ìjọba tí a kì í làágùn rẹ̀: mo ní ojú ìwé mẹ́ta lórí ìyẹn, ó di ìgbà mìíràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, torí a máa ń sọ pé "má rẹ̀wẹ̀sì", àṣẹ sì ni. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní: "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ ní ọ̀lẹ kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn. Èmi máa ń sọ pé 'ọ̀lẹ ń ṣe mí lónìí', àwọn ọ̀rẹ́ mi náà ń sọ ọ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ lè fojú inú wo ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù níwájú.

Mo pa ìwé mi dé. Èmi náà ti sọ gbólóhùn yẹn rí, láàárọ̀ Sátidé, lórí ẹní. Mo wá ní kí gbogbo wa gbé e yẹ̀ wò. "Ń ṣe mí": ibà ń ṣe mí, inú rírun ń ṣe mí. Aláìsàn là ń bi pé kí ló ń ṣe é. Ẹni tó ní ọ̀lẹ ń ṣe òun ti sọ ọ̀lẹ di ibà, ó ń tọrọ àyè. Mo bi wọ́n pé ta ló ti gbọ́ kí ìyá kan sọ fún aládùúgbò pé "ọ̀lẹ ń ṣe ọmọ mi"? Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ti ọmọ ẹlòmíràn, "ó ya ọ̀lẹ" ni; tèmi, "ń ṣe mí" ni. Nítorí náà, mo gbà pé ìlà tí mo fà láàárín àárẹ̀ àti ọ̀lẹ kò tọ́ tó bí mo ṣe rò. Ó wọ́, ó sì tún gba àárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá, níbi tí àwa àti ọmọ ìdí agbada ọjọ́sí wà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní: "Kí n wá sọ èwo fún ọ̀gá mi lọ́la, sà?"

Mo ní kó sọ pé agara ni.

Ọ̀rẹ́ mi dìde níwájú, ó ní òun náà ní ìbéèrè. Alága ní kò sáyè mọ́, ó ti rẹ òun.