Ọmọ Oṣù Mẹ́sàn-án Tí Ò Tíì Jókòó

Bùkọ́lá: Àná ni mo wọ London padà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń bọ̀, nílé àbúrò mi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ n sùn.

Ṣẹ́gun: Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí Bùkọ́. Ọmọ tuntun wa ńkọ́?

Bùkọ́lá: Tuntun kẹ̀? Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àgbàlá ń rá lọ mú sálúbàtà onísálúbàtà. Tiwa, ìrọ̀rí mẹ́ta ni ìyá ọkọ fi há a, ó ṣì ń wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá ní ọmọ yìí mà lọ́ra o. Àbúrò mi bá wọ ilé ìdáná lọ sunkún.

Ṣẹ́gun: Oyún ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi bí i?

Bùkọ́lá: 28. 40 ló yẹ kó lò. Ìwọ náà bá mi yọ ọ́.

Ṣẹ́gun: Ó ku 12. Bí oṣù mẹ́ta.

Bùkọ́lá: Yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́sàn-án.

Ṣẹ́gun: Háà! Ọmọ oṣù mẹ́fà lẹ ń bá jà!

Bùkọ́lá: Bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, àmọ́ ó kàn sọ ọ́ kọjá ni. Títí ọmọ á fi pé ọdún méjì la fi ń yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan la kì í yọ nǹkan kan fún: ọjọ́ ìbí ló ń bá rìn.

Ṣẹ́gun: Kí lọ̀sẹ̀ 12 yẹn ń ṣe nínú ikùn gan-an?

Bùkọ́lá: Ọpọlọ. Ní ọ̀sẹ̀ 28, ara rẹ̀ ò tíì ká púpọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń ká kíkákíká bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Inú ikùn náà há nígbà yẹn, ọmọ á ká ẹsẹ̀ mọ́ra, iṣan á le. Èyí tó tètè dé, gbalaja ló máa ń tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ṣẹ́gun: Ọpọlọ la ń sọ, ẹ ti bá ọ̀pọ̀lọ́ dé!

Bùkọ́lá: Ẹlẹ́yà. Nígbà tó kéré, wọ́n ní kí ìyá ẹ̀ dè é mọ́ àyà, kí ara kan ara. Bogotá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1978, torí ínkúbétọ̀, àpótí tó ń mú ara ọmọ móoru, ò kárí. Màmá pariwo pé ẹ̀yìn la ń pọn ọmọ sí. Nígbà tó fọwọ́ kàn án tí ara ẹ̀ móoru, ó lọ mú ọ̀já tiẹ̀ wá.

Ṣẹ́gun: Kí wá ló yẹ kó máa fu èèyàn lára?

Bùkọ́lá: Tẹ́ ẹ bá yọ oṣù tán, tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń mú nǹkan, tí ìkejì dì pinpin, ẹ má sọ pé ó máa ń gba ọwọ́ bàbá ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ ní kí wọ́n wo ojú àti etí ẹ̀ náà.

Ṣẹ́gun: Àwọn ìrọ̀rí yẹn ńkọ́?

Bùkọ́lá: Mo kó wọn kúrò. Mo da ikùn ẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní, ojú ẹ̀ là kedere, mo fi ṣíbí síwájú ẹ̀. Ó gbọ̀n, ó gbé orí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bá fimú gúnlẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n tún gbé ṣíbí yẹn síbẹ̀.