Máńgòrò Ń Jẹrà Lójú Wa: Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Nínú Agric ní Yunifásítì Gan-an?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn mi dáadáa. Ọjà Wazóbíà ni mo wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àsìkò máńgòrò la sì wà, gbogbo èyí tẹ́ ẹ rí nílẹ̀ tí eṣinṣin ń kùn lé lórí yẹn, àná ni wọ́n kó o dé o. Àná! Mo bi màmá tó ni í pé kí ló dé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó mọ́tò tó gbé e wá gan-an ò tíì padà sọ́wọ́ mi." Wọ́n wá ṣa mẹ́ta tó ṣì dáa fún mi, wọn ò gbowó, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó tan kámẹ́rà, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan létí ẹnu mi ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí máńgòrò yẹn ló dá lé. Àwọn òbí máa ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi pé Agric ni wọ́n fún ọmọ àwọn, ṣé kó gbà á, wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìwé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fún ọmọ náà. "Ṣé kó lè lọ roko ni mo ṣe ń sanwó ilé ìwé?" Mo gbọ́ yín. Èmi náà, Medicine ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, Agric ni wọ́n gbé fún mi, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àgbẹ̀ sì ni bàbá mi o.

Ẹ jẹ́ ká wọnú ẹ̀. Ohun méjì kan wà nínú Agric tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ báyìí, wọ́n ń pe ọ̀kan ní sustainable agriculture, wọ́n ń pe ìkejì ní community food systems, orúkọ ńlá ńlá. Bá a ṣe máa sọ ọ́ nílé nìyí: àkọ́kọ́ ni bá a ṣe lè dáko lónìí tí ilẹ̀ ò ní kú mọ́ ọmọ wa lọ́wọ́. Ìkejì ni ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti oko títí dé inú abọ́, àti gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án lọ́nà, ẹni tó gbìn ín, ọlọ́kadà tó gbé e jáde nínú igbó, alágbàtà, ẹlẹ́rọ, ìyá olóúnjẹ, títí kan ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ọjà dànù. Kì í ṣe nǹkan tó ṣàjèjì sí wa. Ṣebí oúnjẹ ló wà nínú oríkì ìlú yìí gan-an, Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ìlú tó ń fi oúnjẹ yangàn, òun náà ni máńgòrò ń jẹrà lójú ọjà ẹ̀ yìí.

Ọdún àkọ́kọ́, mi ò ní tàn yín, kò dùn. Kẹ́mísírì, Físíìsì, Maths, ẹ ò ní rí ọkọ́ lójú, ẹ ó máa rò ó pé ṣé kíláàsì tó yẹ kí n wọ̀ nìyí. Ẹ fara dà á.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ yí mi lọ́kàn padà. Ọjọ́ kan olùkọ́ wa ní ká hú ẹ̀wà kan láti oko tọ̀un ti gbòǹgbò ẹ̀, ká má já a o, ká rọra gbẹ́ ẹ. Ẹ wo àwòrán yìí, ṣé ẹ rí àwọn kókó wíńníwínní tó wà lára gbòǹgbò yẹn? Ó ní ká fi èékánná la ọ̀kan. Inú ẹ̀ pọ́n, ó dà bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi omi là. Ó ní ó dáa, ó ń ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ pé funfun lẹ rí tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bakitéríà ló ń gbé inú kókó yẹn, òun ló ń mú naitrójìn láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tá à ń mí sínú lọ́fẹ̀ẹ́ yìí, tó ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà ń fún un ní ṣúgà padà, wọ́n jọ ń ṣe fàájì abẹ́ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kórè ẹ̀wà tán tẹ́ ẹ fi gbòǹgbò àti ewé ẹ̀ sílẹ̀ nínú oko, díẹ̀ nínú naitrójìn yẹn á kù fún àgbàdo tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ni mo bá rántí ìyá àgbà wa tí wọn kì í gbin àgbàdo láìfi ẹ̀wà há a láàrin, mo máa ń rò pé torí kí ilẹ̀ lè gba nǹkan púpọ̀ ni. Wọn ò mọ orúkọ bakitéríà kankan, àmọ́ wọ́n ti mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe.

Wọ́n á tún kọ́ yín láti ka ewé tó hù nílẹ̀. Tí ẹ bá dé oko tí ẹ rí koríko èkan tó bò ó, ilẹ̀ yẹn ti rẹ̀, wọ́n ti lò ó jù. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ewé Akíntọ́lá, gbogbo ẹni tó bá ti dáko ní ẹkùn yìí ló mọ̀ ọ́n, ó le, ó ń bo gbogbo nǹkan, kì í sì ṣe ewé ilẹ̀ wa, apá Amẹ́ríkà ló ti wá. Yunifásítì tó wà nílùú yìí, LAUTECH, orúkọ Akíntọ́lá kan náà, olóṣèlú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń jẹ́, a wá jókòó sínú yunifásítì Akíntọ́lá a ń kọ́ bí a ṣe máa ṣán ewé Akíntọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà àgbẹ̀ ló fẹ́ràn ilẹ̀ tí ewé yẹn bá ti gbé sùn, torí ewé ẹ̀ máa ń já sílẹ̀ púpọ̀, ó máa ń jẹrà, ilẹ̀ á dúdú. Ohun tí àgbẹ̀ kan ń bú, òun ni ẹlòmíì ń wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á ti máa sọ pé, ká pa fatiláísà tì pátápátá, ìgbẹ́ adìyẹ nìkan ló dáa. Èmi ò gbà. Lójú tèmi, ilẹ̀ tó ti rẹ̀ tó yẹn, tẹ́ ẹ bá ní kó máa dúró de ìgbẹ́ adìyẹ nìkan, ebi á ti pa àgbẹ̀ náà kí ilẹ̀ tó jí. Ẹ pò ó pọ̀, fatiláísà díẹ̀, ìgbẹ́ ẹran díẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ nǹkan ọ̀gbìn. Ẹ má sì kó ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ewébẹ̀ o, ó máa jó o ni, ẹ kó o jọ kó gbóná kó tutù kó pẹ́ díẹ̀ ná. Mo pa odidi ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì mi, gbogbo ẹ̀ gbẹ láàrin ọjọ́ mélòó kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní dókítà ẹ̀fọ́ títí a fi jáde.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò lóko ká padà sọ́jà, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ó wà nínú Agric. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́: tẹ̀lé oúnjẹ kan. Kí o tẹ̀ lé e ní ti gidi, kí o jí ní ìdájí, kí o gun ọkọ̀ tó gbé e. Ká ní àgbẹ̀ kan ní apá Ìkòyí-Ilé ká ata, ó di apẹ̀rẹ̀ 10. Ọ̀nà burú, òòrùn mú, ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, nígbà tó máa fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ 3 ti rà nísàlẹ̀. Owó ọkọ̀ apẹ̀rẹ̀ 10 ló san o, apẹ̀rẹ̀ 7 ló máa tà, alágbàtà mọ̀ pé kò lè gbé ata padà sílé, ó sọ iye tó wù ú. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé fatiláísà ló máa yanjú ìyẹn? Ṣé irúgbìn tuntun ni? Àgbẹ̀ yẹn ká ata tó pọ̀, ohun tó sọnù, ojú ọ̀nà ló ti sọnù. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ṣírò ẹ̀ ní 2011 pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí wọ́n ń pèsè fún èèyàn lágbàáyé ló ń sọnù tàbí tó ń ṣòfò. Tí ẹ bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò yìí bí mo ṣe dúró báyìí, kò ní yà yín lẹ́nu.

Kajú náà ńkọ́? Ó pọ̀ ní agbègbè wa yìí. Kóró ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rà, èso ẹ̀ tó ní omi dídùn nínú, wọ́n á fọ́n ọn sábẹ́ igi. Kóró yẹn á wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà tàbí Vietnam, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń là á, tí wọ́n ń yan án, ibẹ̀ náà ni èrè tó pọ̀ jù ń dúró sí.

Kò sì fi gbogbo ara burú o, nǹkan tó dáa náà wà tí wọ́n ń kọ́ yín láti rí. Èèpo pákí. Gbogbo wa la mọ òkìtì èèpo pákí tó máa ń wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ gàrí, tó ń rùn, tí wọ́n á dáná sun nígbà míì tí èéfín á bo àdúgbò. Àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn, ILRI àti IITA, ní Ìbàdàn ló jókòó tì í, wọ́n ní ẹ rin ín, ẹ fún omi ẹ̀ jáde, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sá a tàbí kẹ́ ẹ yan án, ó ti di oúnjẹ ẹran láàrin ọjọ́ kan, dípò kẹ́ ẹ máa sá a fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Èèpo tútù tọ́ọ̀nù 3 ń fúnni ní bíi tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Ẹ wò ó dáadáa, irinṣẹ́ gàrí kan náà ni wọ́n lò! Rírin, fífún, sísẹ́, yíyan, nǹkan táwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo nǹkan tí mo kọ́.

Ẹ̀wà, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn àwọn tó ń da oògùn kòkòrò sí i kó má bàa bàjẹ́, tí èèyàn á jẹ ẹ́ tí inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ní 2019 NAFDAC fòfin de títa dichlorvos, ọ̀kan nínú oògùn kòkòrò yẹn, inú ìgò kéékèèké. Òfin dáa, ṣùgbọ́n kòkòrò ò gbọ́ òfin, ẹlẹ́wà ṣì ní láti tọ́jú ọjà ẹ̀. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò lásán ló wà níta, tí ẹ bá di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ pinpin, kòkòrò inú ẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, ó parí. Kò sí oògùn kankan. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni pé kí ló dé tí ẹlẹ́wà kan gbà á tí ìkejì ò gbà á? Ṣé owó àpò ni, ṣé wọn ò gbà gbọ́ ni, àbí eku ló ń jẹ ọ̀rá yẹn? Ẹ ò lè mọ̀ láìjókòó tì wọ́n.

Ìjókòó yẹn gan-an ni kọ́ọ̀sì tó le jù. Ọ̀kan nínú wa, ọmọkùnrin tó mọ̀wé gan-an, dé ọ̀dọ̀ ìyá Fúlàní kan tó ń ṣe wàrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn bí wàrà ṣe ń dì. Ìyá yẹn gbọ́ ọ tán, wọ́n já ewé bọmubọmu, wọ́n fún omi ẹ̀ sínú mílíìkì tó wà lórí iná, ó dì lójú ẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé báyìí lo wí?" A rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọkùnrin náà ti máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn, á béèrè ọ̀rọ̀, kó tó yọ ìwé jáde.

Àwọn tó bá ń rò ó pé èyí wù mí, JAMB ẹ: Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́mísírì, Báyọ́ tàbí Agric, pẹ̀lú Maths tàbí Físíìsì, ẹ yẹ brochure wò torí ilé ìwé kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ọdún 5 ni. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ọdún kẹrin ni ẹ máa lò lóko, oko ẹ ló máa sọ máàkì ẹ. LAUTECH ti ṣí kámpọ́ọ̀sì fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sí Ìṣẹ́yìn, ẹ béèrè dáadáa ibi tí wọ́n máa gbé yín lọ kẹ́ ẹ tó gba ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bùútù rọ́bà, àdá, fìlà, ìwé tí òjò ò lè tètè bà jẹ́. Ẹ ra bùútù tó tóbi díẹ̀, ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Màmá onímáńgòrò ń pè mí o, wọ́n ní tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán kí n wá bá àwọn gbé agbọ̀n yìí sínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ n lọ.