Ibi tó ṣì wà lẹ́yìn

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi lẹ́yìn odi. Abẹ́òkúta ni mo wà, nílé bàbá mi ní Ìta-Èkó. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà, ẹ bá mi fara dà á. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí, ooru pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Frankel ló wà lọ́kàn mi. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2010, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi tí eré ẹṣin bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń fún un lóúnjẹ lọ́wọ́ ló bá di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n wò ó.

Pápá eré ẹṣin Ascot ni, máìlì kan, ẹṣin márùn-ún, ọmọ ọdún méjì-méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Frankel tíì sáré rí. Ní Doncaster, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, gígùn ẹṣin mẹ́tàlá ló fi ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Mo wá rò pé iwájú ni yóò wà. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà! Tom Queally tó gùn ún ò jẹ́ kó lọ. Nígbà tí wọ́n yà sí kọ́nà ìkẹyìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ òde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn, kò sì pẹ́ tó fi dá wà. Gígùn ẹṣin mẹ́wàá. Treasure Beach tó ṣe ẹ̀kẹta lọ́jọ́ náà sì ló gba eré ẹṣin ńlá Derby ilẹ̀ Ireland lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹṣin yẹpẹrẹ ló fi sílẹ̀.

Henry Cecil ló kọ́ Frankel, ní Newmarket, àrùn jẹjẹrẹ sì ń bá a fínra lákòókò yẹn. Eré sísá kọ́ ló ní láti kọ́ Frankel, ó ti mọ̀ ọ́n sá jù. Ìfarabalẹ̀ ni. Ìgbà 14 ló sáré títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2012, ìgbà 14 náà ló gbégbá orókè. Cecil kú lọ́dún 2013.

Lọ́dún 2010 yẹn, tí mo bá pe ilé, wọ́n á ní lágbájá ti kan òrùlé, tàmẹ̀dù ti ra mọ́tò. Ó máa ń dùn mí dé egungun. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ àná, mo fi fídíò náà han àwọn òbí mi. Màámi ní, "Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré." Bàbá mi mi orí. Tírélà ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wà, ọwọ́ awakọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò bo ẹsẹ̀ ẹṣin náà.

"Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí lórí ìjánu. Kò fà á le, kò sì tú u."

Fídíò parí, ó na fóònù sí mi.

"Àkànní, dá a padà. Kì í ṣe ibi tó ti borí. Ibi tó ṣì wà lẹ́yìn."