Bébà Tí Ìmọ́lẹ̀ Ya Àwòrán Sí, Tí Iná Ń Gbà Kọjá

Ẹ wo bébà ọwọ́ mi yìí. Ẹ rí ewé dúdú tó wà lára rẹ̀? Mi ò fi tàdáwà yà á o. Ike ni. Ike tó ń gbé iná mànàmáná, ìmọ́lẹ̀ ló sì hun ún.

Ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Ní 1977, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger, fi kẹ́míkà iodine kan irú ike kan, ló bá ń gbé iná bí irin. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2000. Tiwa tòní, polypyrrole ni: ike tí kẹ́míkà kan, pyrrole, ń dà tó bá so pọ̀ mọ́ra.

Ẹ po pyrrole mọ́ silver nitrate, kẹ́míkà tí fàdákà wà nínú rẹ̀, nínú omi, ẹ rẹ bébà sínú rẹ̀, ẹ gbé negative lé e, ìyẹn ike fọ́tò tí àwòrán ewé wà lára rẹ̀, ẹ tan iná UV sí i, irú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kì í rí. Ó parí. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, silver á já electron, horo iná tín-ín-tín, gbà lọ́wọ́ pyrrole. Àwọn pyrrole tí wọ́n jà lólè á wá dìrọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á di ẹ̀wọ̀n gígùn, dúdú bíi kóró iṣin. Silver á di èérún fàdákà láàárín wọn. Nitrate tó kù nínú silver nitrate ò lọ o! Òun ló jókòó ti ẹ̀wọ̀n yẹn tí iná fi ń ráyè rìn.

Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí ti mọ̀ ọ́n. Aṣọ á jáde nínú ìkòkò aró bí àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á kàn án, ó di aró lójú yín kòrókòró. Ibi tí ẹ̀kọ bò á funfun. Negative wa ni ẹ̀kọ yẹn.

Àmọ́ ibi tí ẹ ti ń bà á jẹ́ rèé: ṢÍṢAN! Ẹ fi omi ṣan án kíá, níbi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Òkùnkùn ò dá iṣẹ́ náà dúró, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Èmi náà gbé àkọ́kọ́ tèmi sá sójú fèrèsé, mo lọ jẹ ẹ̀bà. Kí n tó dé, gbogbo bébà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, mi ò rí ewé kankan mọ́.

Omi ẹ̀rọ ńkọ́? RÁRÁ! Iyọ̀ inú rẹ̀ á bá silver pàdé, á funfun bí omi ògì, oòrùn á tún sọ ìyẹn náà di dúdú. Omi distilled ni, irú èyí tí wọ́n ń bu sí bátìrì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú. Silver nitrate ta sí mi ní àtàǹpàkò, ó dúdú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ti gbẹ? Ẹ gbé ẹnu mítà tí a fi ń wọn iná méjèèjì lé orí ewé, níbi tó ti dúdú jù. Nọ́ńbà ń jáde, àbí? Ó yá, ẹ sún un sórí ibi funfun... Kò fọhùn.