Rédíò orin ayé ọjọ́un: ta ló ń bá wa yan orin?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ti àwọn rédíò tó jẹ́ pé orin ọdún mẹ́wàá kan péré ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru, irú bíi Absolute 80s tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2009. Ọ̀pọ̀ wa rò pé orin yòówù tó bá ṣáà ti jáde nígbà yẹn ni wọ́n á fi sí i. Irọ́ ni o. Ìwọ̀nba tó yege ìdánwò la ń gbọ́.

Ìdánwò wo? Wọ́n á kó èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn, àwọn tọ́jọ́ orí wọn bá ti olùgbọ́ tí wọ́n ń wá mu, wọ́n á wá máa fi ibi tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú orin kọ̀ọ̀kan sí i fún wọn, bí ìṣẹ́jú-àáyá méje sí mẹ́wàá báyìí, ó ti tán, òmíràn ti dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin ló ń kọjá lórí ìjókòó kan. Ẹ máa fún un ní máàkì ni: mo fẹ́ràn ẹ̀, ó ti sú mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Orin tí "mi ò mọ̀ ọ́n" bá ti pọ̀ lórí ẹ̀, ó ti wọgbó nìyẹn, ì báà dùn ju oyin lọ. Orin tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ èèyàn lára ńkọ́, ta ló máa fi ìṣẹ́jú-àáyá méje dá a mọ̀?

Èyí tó bá kù, tí kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, á wọnú kọ̀ǹpútà. Láti 1979 ni sọ́fíwíà Selector ti wà fún iṣẹ́ yìí, òun ló ń rí i pé olórin kan ò tẹ̀lé ara ẹ̀, pé orin tẹ́ ẹ gbọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òní ò tún bọ́ sí aago mẹ́jọ ọ̀la, kí ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ má bàa ní "wọ́n tún ti gbé e dé o".

Mi ò bá wọn jà ṣá, owó ìpolówó ni wọ́n ń jẹ, àwọn tó sì ń polówó, ẹni ọdún 25 sí 54 ni wọ́n ń wá. Ìyẹn ni ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an ò ṣe lè dúró lójú kan. Ẹ wo WCBS-FM ní New York, 1972 ló bọ́ sídìí orin àtijọ́, nígbà tó di June 2005, ọ̀gá ní àwọn olùgbọ́ ti ń dàgbà jù, wọ́n lé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ táráàlú fẹ́ràn, wọ́n fi rédíò tí ò ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rọ́pò, orin ṣáá. Ariwo sọ! Ní July 2007 wọ́n dá a padà, àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, orin 1950s ò bá wọn padà wálé mọ́, 1960s sí 1980s ló gbapò.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tiẹ̀ pọ̀: ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, orin kan péré tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tó jáde, kó tó fi sí i, kó sì jẹ́ kó parí.