Níbi Tí Òkun Ti Jẹ́ Ọ̀nà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi láti Èkó, láti Peckham, láti Houston. Auckland ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní New Zealand.

Máàpù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kíláàsì wa, Áfíríkà àti Yúróòpù ló wà láàárín rẹ̀. Òkun Pàsífíìkì, tó gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ojú ayé, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ìwé lọ́tùn-ún lósì. Bí a ṣe dàgbà nìyẹn, a ò mọ̀ pé èèyàn ń gbé níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun yìí. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 811 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n omi tó jẹ́ tirẹ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta Nàìjíríà lọ. Ta ló wá láṣẹ láti pe irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ní kékeré? Epeli Hau'ofa, ọ̀mọ̀wé ọmọ Tonga tó kọ́ni ní yunifásítì ní Suva, ní Fiji, tó kú ní 2009, kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ní òkun pẹ̀lú àwọn erékùṣù rẹ̀ lápapọ̀ ni ilé àwọn ará Pàsífíìkì, pé àwọn òyìnbó amúnisìn ló wá fa ààlà sórí omi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Èmi gbà á gbọ́. Nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba ńlá àwọn ará Pàsífíìkì ti tukọ̀ dé Tonga. Ní 1976, Mau Piailug, ọmọ erékùṣù Satawal, darí ọkọ̀ Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti láìlo kọ́ńpáàsì. Ìràwọ̀, ìgbì òkun àti ẹyẹ ló ń wò.

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń lọ sí ọjà Ōtara, ní gúúsù Auckland níbí. Kókò jọ pelemọ síbẹ̀, taro ni wọ́n ń pè é. Ìyá ará Tonga kan máa ń ta iṣu tí wọ́n ń pè ní ʻufi. Lọ́jọ́ kan ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ mi kí n rí inú rẹ̀, bó ṣe ń yọ̀ tó sì tutù. Ewùrà ni! Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ewùrà. Mo rà á, mo rin ín, mo sì fi se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìlà Oòrùn ni ewùrà ti ṣẹ̀ wá, láti apá New Guinea àti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwọn èèyàn yìí jìnnà sí wa, oúnjẹ wọn ti wà nínú ìkòkò wa tipẹ́tipẹ́.

Aládùúgbò mi jẹ́ ọmọ Niue, erékùṣù kan ní Pàsífíìkì. Èèyàn tó ń gbé ní Niue kò pé 2,000. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní New Zealand ní 2018, àwọn ọmọ Niue tó wà níbí lé ní 30,000. Láti 1974 ni Niue ti ń ṣàkóso ara rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand ni wọ́n lábẹ́ òfin. Wọn kì í gba físà. Aládùúgbò mi yìí pè mí síbi hifi ulu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ayẹyẹ ìgérun. Wọ́n ti pín irun ọmọ náà sí ìdì wẹ́wẹ́, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù so ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹbí dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n gé ìdì kan, wọ́n fowó sílẹ̀, ẹnìkan sì jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ orúkọ àti iye sínú ìwé. Ọmọ náà kò tíì dé Niue rí. Níbẹ̀, ilẹ̀ ti magafaoa ni, ìyẹn ẹbí, tòun náà sì wà nínú rẹ̀.

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Samoa àti Tonga tó wà níbí. Láàárín 1974 sí 1976, ọlọ́pàá ń kan ilẹ̀kùn wọn ní ìdájí, wọ́n ń béèrè ìwé ìgbélùú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2021 ni Jacinda Ardern, tó jẹ́ olórí ìjọba New Zealand nígbà náà, tó tọrọ àforíjì. Wọ́n fi ẹní àtàtà bò ó lórí bí àṣà Samoa ṣe là á sílẹ̀. Àwa tí a ti tò fún físà rí, a mọ ohun tó wà nínú ìyẹn.

Ti Tuvalu, orílẹ̀-èdè erékùṣù mìíràn, ló ń dùn mí jù. Òkun ń ga sí i, ilẹ̀ wọn kò sì ga. Àdéhùn tí wọ́n bá Ọsirélíà ṣe ní 2023 fàyè gba 280 èèyàn láti kó lọ lọ́dọọdún, ó sì sọ pé Tuvalu yóò máa jẹ́ orílẹ̀-èdè bí òkun tilẹ̀ ń ga. Inú mi dùn sí ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tukọ̀ láyé àtijọ́ ní erékùṣù tí wọ́n lè padà sí. Nǹkan bí 11,000 ni àwọn ará Tuvalu, ẹ̀tọ́ wọn sì ni kí ilẹ̀ wọn wà, ká má ṣe máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kúkú kó kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Fiji ni à ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti 1879 láti gé ìrèké. Ó dìgbà o.