Kóòṣì Kì í Fẹnu Yáni: Bá A Ṣe Ń Múra fún Entretien

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ sọ nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Benin, nìyí, lórí entretien, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, àti lórí kóòṣì, ẹni tó ń múra èèyàn sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbi táwọn tí kò ráyè wá ti máa rí i kà. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo kọ ọ́, ibi tí ìbéèrè ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá àwọn ọmọ yín wá, ẹ ṣé gan-an.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí kí n wá bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ ní Kútọnu. Ẹni mẹ́sàn-án la rí lọ́jọ́ náà. Tá a bá ti bi wọ́n pé kí ni àléébù yín, mẹ́fà nínú wọn ló dáhùn pé "je suis perfectionniste", pé àwọn máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré, ohùn kan náà, bí ọmọ kéwú tó ń ka wàláà. Mo wá bi ọ̀kan léèrè pé ó dáa, sọ ọjọ́ kan fún mi tí ìwà yẹn kó wàhálà bá ọ. Ọmọ náà dákẹ́, òógùn bò ó. Kì í ṣe pé kò lọ́gbọ́n o, ẹnì kan ló ta ìdáhùn fún un, kò sì ta ìtàn tó yẹ kó wà nídìí ẹ̀ mọ́ ọn, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè tà á, ọmọ náà nìkan ló lè ní i.

Àwọn tó ń ta á yẹn ni mo ń bá jà, mi ò ní fi bò. Wọ́n wà lórí WhatsApp, "ìbéèrè 50, ìdáhùn 50", 2.000 fàráǹsì. Wọ́n á ní àwọn ni kóòṣì. Kóòṣì kọ́! Ẹni tó bá ń fún ọ ní ọ̀rọ̀ tó o máa sọ ń fẹnu tiẹ̀ yá ọ ni, bẹ́ ẹ bá sì dé iwájú àwọn tó fẹ́ gbà yín, ẹ ò lè lọ dá ẹnu padà kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Etí ni iṣẹ́ kóòṣì. Kó gbọ́, kó bi ọ́, kó tún bi ọ́, títí ohun tí ìwọ fúnra ẹ ti ṣe á fi jáde.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọkùnrin kan fún yín. Ó ti gba licence ní yunifásítì, ó wá iṣẹ́ màgásínìẹ̀ lọ, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí, ó wá bá mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní expérience kankan." Mo ní ó dáa, kí lo máa ń ṣe ní Sátidé? Ó ní òun máa ń bá ìyá òun tajà ní Wáńdò. Láti ìgbà wo? Látìgbà tóun ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Kí lẹ̀ ń tà? Gàrí. Ta ló ń kọ gbèsè sílẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. Ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé nígbà kan gbèsè fẹ́ pa ọjà ìyá òun, àwọn oníbàárà á gbé àpò lọ, wọ́n á ní ọ̀la, òun wá ra kàyé, òun ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbé ọjà á tẹ̀ka síbẹ̀, àwọn sì pinnu pé ẹni tí kò bá san ti àná kò ní gbé tòní. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìyá ẹ̀ ti tún ń fi owó ara ẹ̀ ra gàrí.

Ẹ gbọ́ o, màgásínìẹ̀ ni ọmọ yìí láti ọmọ ọdún méjìlá! Ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde, ta ló gbé e, níbo ló fọwọ́ sí. Kò sí ìkankan nínú sévé (CV) ẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ nìyẹn. Ibi àkọ́kọ́ tó lọ, wọn ò mú un. Ibi kejì mú un.

Nǹkan kan tún wà tó ń ba tiwa jẹ́, àwa ọmọ Yorùbá ní pàtàkì. Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé a kì í sọ pé "èmi ni mo ṣe é". Ọ̀rọ̀ àwa la máa ń sọ, a ṣe é, a gbìyànjú, bó o bá sì dé inú Faransé ó di "on": on a fait, on a géré, on a vendu. Ẹni tó jókòó níwájú ẹ ń ronú pé ta wá ni "on" yìí? Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ilé dáa, mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù, ẹ máa kí àgbà bó ṣe yẹ, àmọ́ lórí àga yẹn, ohun tó o ṣe, pè é ní "j'ai fait", èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ìgbéraga, ẹ̀rí lò ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú, wíwo ilẹ̀ tá a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà, ẹlòmíràn lè kà á sí pé ò ń fi nǹkan pa mọ́.

Ẹ má rò pé èrò ọkàn mi lásán ni. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí wọ́n ṣe ń yan òṣìṣẹ́, wọ́n rí i pé entretien tí wọ́n ti ṣètò, tí ìbéèrè kan náà ń kan gbogbo èèyàn, máa ń fi ẹni tó lè ṣiṣẹ́ hàn ju èyí tí wọ́n kàn ń tàkùrọ̀sọ lọ. Ní 2022, Paul Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún ìṣirò yẹn ṣe, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ló wálẹ̀, síbẹ̀ irú entretien yẹn ló wà lókè pátápátá. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi níbẹ̀ ni "donnez-moi un exemple", ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ kan, ìtàn nìkan ló sì lè dá a lóhùn.

S.T.A.R. ńkọ́, ọ̀nà tá a fi ń to irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: situation (bí nǹkan ṣe rí), tâche (ohun tó yẹ kó o ṣe), action (ohun tó o ṣe), résultat (ohun tó tibẹ̀ yọ). Situation ni tiwa máa ń gùn. A ó sọ ti òjò, ti ọjà, ti bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ká tó dé ohun tá a ṣe, wọ́n ti ń wo aago. Kóòṣì tó dáa á gé e mọ́ ọ lẹ́nu.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ọmọbìnrin kan láti Kétu fi nọwọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, Yorùbá lẹ fi sọ ọ́. Faransé ni wọ́n máa fi bi mí. Tó bá ti di Faransé, ìtàn yẹn á sá lọ lórí mi."

Inú iyàrá pa lọ́lọ́, torí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ló sọ. Mo pa ìwé mi dé. Mo ní kó bọ́ síwájú, kó sọ ohun kan tó ti ṣe, kó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní òun ń kọ ìwé èésú fáwọn obìnrin mẹ́rìnlélógún. Lọ́sẹ̀ kan, 5.000 dín nínú owó, wọ́n ti ń wo ara wọn lójú burúkú, òun wá mú ìwé, òun lọ láti ilé dé ilé, òun rí i pé ẹnì kan ló san ìlàjì tí òun sì kọ ọ́ ní odidi. Òun bẹ̀ wọ́n pé àṣìṣe òun ni. Látìgbà náà, òun kì í kọ nǹkan kan kí wọ́n tó ka owó lójú àwọn méjì.

Ọ̀nà ẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin àbúrò mi. Yorùbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sọ ọ́ fún kóòṣì yín, títí egungun ìtàn á fi hàn. Ẹ wá wá ọ̀rọ̀ Faransé márùn-ún mẹ́fà tí egungun yẹn nílò, ẹ má kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti há a sórí. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ tún un sọ. Mo ní kọ́mọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kó tó ṣe tán, àkókò ti lọ, mo kàn sáré lé ìyókù ni. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu kìlómítà bí 30 ni, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ títì yẹn láàárọ̀ lúńdì, ẹ tètè jáde. Aṣọ tó mọ́ ti tó, ẹ má yá owó nítorí kóòtù. Bí wọ́n bá béèrè iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2023 SMIG, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Benin, ti kúrò ní 40.000 fàráǹsì, ó ti di 52.000. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ANPE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó fowó wá kóòṣì. Kóòṣì tó bá ní òun mọ ẹnì kan níbi tẹ́ ẹ ti ń wáṣẹ́ tóun lè fún ní nǹkan, ẹ dìde, ẹ máa lọ.

Ọmọbìnrin Kétu yẹn wá dìde. Faransé ẹ̀ kúrú ju Yorùbá ẹ̀ lọ, ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ 5.000 wà níbẹ̀, obìnrin mẹ́rìnlélógún wà níbẹ̀, ilé dé ilé wà níbẹ̀. Nígbà tó dé ibi àṣìṣe, ó fẹ́ sọ pé "on s'est trompé", pé a ṣàṣìṣe, ó dúró díẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní: "Je me suis trompée. Et j'ai corrigé."